Píjò 504 tí kì í fẹ́ jí láàárọ̀: ṣé kábúrétọ̀ ni lóòótọ́?

Ọmọ_Òkè-Àró

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọkọ̀. Píjò 504 bàbá mi ni mo ń gùn níbí ní Àkúrẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ẹ́ńjìnì 2.0, kábúrétọ̀ Solex (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì), ṣóòkù tí a ń fọwọ́ fà.

Ìṣòro mi rèé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá yí kọ́kọ́rọ́ títí, sítátà á máa yí ẹ́ńjìnì, kò ní dáhùn. Tó bá pẹ́, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á tún dákẹ́. Nígbà tó bá fi máa jí, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ará ilé kejì ti yọjú lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n tó bá ti lè jí báyìí, ó parí. Mo lè lọ Ọjà Ọba, kí n gba ibẹ̀ lọ Alágbàká, kí n máa pa á kí n máa tan án, wẹ́rẹ́ ló ń jí.

Mẹkáníìkì mi ní kábúrétọ̀ ti kú, kí n lọ wá owó tuntun. Owó tó pè é kì í ṣe kékeré. Kí n tó ná an, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Ògbólógbòó_Ìjọ̀ka

Ọyẹ́ ni. Ìwọ náà kì í da aṣọ bora láàárọ̀ ni? Fa ṣóòkù dáadáa, tẹná bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí o tó yí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá jí, ṣí orí kábúrétọ̀, da epo díẹ̀ sí i lẹ́nu, kí ẹnìkan yí i. Bí a ṣe ń ṣe é láyé ìgbà tí 504 ń ná Àkúrẹ́ sí Èkó nìyẹn, kò sí èyí tí kì í jí.

Ọ̀gá_Sípánà

Àbúrò, má tíì ra kábúrétọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n tó ní ọyẹ́ ni kò parọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ tiwa níbí kò tó ohun tó lè dá 504 dúró fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí wá, níbi tí omi ti ń di yìnyín lójú pópó. Bí ó bá ń jí lọ́hùn-ún, kí ló dé tí kò fi ní jí ní Òkè-Àró?

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bẹntiróòlù kì í jó nígbà tó bá ṣì jẹ́ olómi, oru rẹ̀ ló ń jó. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo 1 ló fẹ́, tí a bá wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n. Bí irin bá tutù, púpọ̀ nínú epo tí kábúrétọ̀ tú jáde á lẹ̀ mọ́ ara páìpù, kò ní di oru, kò ní dé sílíńdà, ibi tó ti ń jó. Nítorí náà a ní láti fi epo kún un ju bó ṣe yẹ lọ kí ìwọ̀nba tó di oru lè tó jó. Iṣẹ́ ṣóòkù nìyẹn. Ó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà kí epo lè pọ̀.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yọ ohun tó bo orí kábúrétọ̀ kí o lè máa wo ọ̀fun rẹ̀. Jẹ́ kí ẹnìkan fa ṣóòkù láti inú ọkọ̀. Ṣé irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu ọ̀fun yẹn ń pa dé pátápátá? Wáyà ṣóòkù máa ń yọ̀ níbi sùkúrù tó dì í mú. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á rò pé òun ti fà á tán, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sì ju ìlàjì lọ.

Ẹ ti ṣóòkù yẹn padà. Fi ọwọ́ fa irin tí a fi ń tẹná, kí ojú rẹ wà nínú ọ̀fun. Epo gbọ́dọ̀ tú jáde lọ́gán, tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n pẹ̀lú agbára, gbogbo ìgbà tí o bá fà á. Tó bá tú, epo ń bẹ nínú abọ́ kábúrétọ̀, ibi tí epo ń dúró sí nínú rẹ̀, kí a lọ máa bá púlọ́ọ̀gì tó ń tanná nínú sílíńdà àti kọ́ńtáàtì tó ń so iná pọ̀ tó sì ń já a sọ̀rọ̀. Tí kò bá tú, abọ́ ti gbẹ, tàbí kí rọ́bà tó ń ti epo yẹn ti ya. Èyí kò ní gbà ọ́ ní kọ́bọ̀.

Kí o sì dá mi lóhùn: ṣé bákan náà ló ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀, àbí ó ń burú sí i tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ìjọ̀ka, ẹ má bínú, ẹ má ní kí ọmọ yìí da epo sí ẹnu kábúrétọ̀ kí ẹlòmíràn máa yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá yìnbọn padà, ẹnu yẹn ni iná ń gbà jáde, ojú ẹni tó mú ìgò epo dání ló sì wà níbẹ̀.

Ríwáyà_Arákàlẹ̀

Kí gbogbo yín tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ epo, ẹ jẹ́ ká yẹ iná wò.

Bátìrì tó kún dáadáa máa ń wà ní nǹkan bí fólítì 12.6 nígbà tí kò sí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Fi mítà sí i lórí, kí ẹnìkan yí sítátà. Tó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6, iná tó ń dé kọ́ìlì, èyí tó ń sọ iná bátìrì di alágbára fún púlọ́ọ̀gì, ti kéré jù, púlọ́ọ̀gì á máa tanná pupa tó rẹ̀ dípò búlúù tó ń ta pààràpà. Sítátà á máa yí, ọkọ̀ ò ní jí, gbogbo ènìyàn á máa bú kábúrétọ̀. Àìmọye kábúrétọ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ni wọ́n ti jù nù báyìí.

Tún fi ẹnu mítà kan sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí o fi èkejì sí ara irin ẹ́ńjìnì, kí ẹ yí sítátà. Kò yẹ kó ju ìlàjì fólítì lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnì ti jẹra. Tú u, fọ ojú rẹ̀ títí tí irin á fi máa dán, dì í padà, fi gírísì bò ó. Kí o fi omi gbígbóná fọ ìdọ̀tí funfun tó máa ń hù lórí bátìrì náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kíyè sí ìgbà tó ń wúkọ́ gan-an. Tó bá jẹ́ ìgbà tí o bá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ ló ń fẹ́ jí, kì í ṣe ìgbà tí sítátà ń yí, a jẹ́ pé wáyà tó yẹ kó gbé iná tààrà fún kọ́ìlì nígbà sítátà ti já. Ọkọ̀ tó bá ní résísítọ̀, ohun tó ń dín iná kù, lójú ọ̀nà kọ́ìlì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ríwáyà láìbéèrè ló máa ń gé wáyà yẹn jù nù, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìjàpá_Ẹnúọwá

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ìjàpá, Volkswagen Beetle, ni mo ní ní Oǹdó, 1600, ti àwọn tí wọ́n tò ní Èkó. Kò ní ṣóòkù tí wọ́n ń fà, wọ́n ní ó ń dá ṣe é fúnra rẹ̀. Tèmi náà kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Mo máa ń tan kọ́kọ́rọ́, màá jẹ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀ kó lè gbóná, kí n tó yí i. Ṣé mo ń ṣe é dáadáa?

Ọ̀gá_Sípánà

Rárá o, àǹtí, òdìkejì ni. Ẹ̀yin ń rò ti ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń dúró dè kó gbóná. Inú ṣóòkù Ìjàpá ni irin tó ká bí òkòtó kan wà tí iná ń mú gbóná. Bí ẹ bá ti tan kọ́kọ́rọ́, ó ti ń gbóná nìyẹn, ó ti ń ṣí ṣóòkù, ẹ́ńjìnì kò sì tíì jí. Ìgbà tí ẹ bá fi máa yí sítátà, ṣóòkù ti ṣí tán. Ẹ sì lè ba kọ́ìlì jẹ́ tí kọ́ńtáàtì bá pàdé.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní pípa. Ẹ tẹná dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Títẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ṣóòkù pa dé, òun ló sì ń gbé sílóò, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí tí a kò bá tẹná, sókè kí ọkọ̀ má baà kú tó bá jí. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lọ tààrà. Tó bá jí, ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀, ẹ tẹná fẹ́ẹ́, sílóò á sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ_Òkè-Àró

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti wò ó.

Ṣóòkù kò pa dé tán lóòótọ́. Àlàfo tó ṣẹ́kù gba ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Sùkúrù tó di wáyà mú ti yọ̀, mo fa wáyà le, mo dì í, ó ń pa dé báyìí.

Mo wá fa irin iná. Gbẹ. Kò sí ẹ̀kán kan. Mo tún fà á, ọ̀fun kábúrétọ̀ kàn ń wò mí. Lẹ́yìn tí sítátà yí fún ìgbà pípẹ́ ni epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú, kò sì pẹ́ sí ìgbà yẹn tí ọkọ̀ fi jí.

Mo yá mítà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Road Block. Bátìrì 12.5, bó ti ń yí ó wà lókè 10. Ẹ́ẹ̀tì dára. Ìgbà tí sítátà bá ń yí lọ́wọ́ ló ń wúkọ́, kì í ṣe ìgbà tí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá, ìbéèrè yín: bẹ́ẹ̀ ni o. Tí mo bá gùn ún lánàá, ìjà rẹ̀ kò pọ̀. Tó bá ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi di Ọjọ́bọ̀, ogun ni.

Ríwáyà_Arákàlẹ̀

Iná rẹ pé. Mo yọ ọwọ́ tèmi. Ẹ máa bá epo yín lọ.

Ògbólógbòó_Ìjọ̀ka

Ó ti hàn! Pọ́ǹpù ló ń dá epo inú kábúrétọ̀ padà sí táńkì lóru. Pààrọ̀ pọ́ǹpù, kí o lọ sùn.

Ọ̀gá_Sípánà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn kò já. Ibi tí epo ń gbà wọ abọ́ kábúrétọ̀, òkè ló wà, ó ga ju ojú epo inú abọ́ lọ. Bí pọ́ǹpù bá jò padà, ohun tó wà nínú họ́ọ̀sì ni yóò lọ, ti inú abọ́ kò lè gun òkè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí abọ́ bá kún, ọkọ̀ yóò jí bí họ́ọ̀sì tilẹ̀ gbẹ.

Nítorí náà nǹkan méjì ló pàdé. Àkọ́kọ́, epo inú abọ́ ń gbẹ. Tí ẹ bá pa ọkọ̀ tó gbóná, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ẹ mọ́, ooru ẹ́ńjìnì á gòkè bá kábúrétọ̀, epo á máa di oru lọ díẹ̀díẹ̀. Fi oòrùn ọ̀sán wa kún un fún bí ọjọ́ mélòó kan, kò ní ku nǹkan. Èyí kì í ṣe àìsàn, gbogbo ọkọ̀ kábúrétọ̀ ló ń ṣe é. Ìkejì ni àìsàn: ó yẹ kí pọ́ǹpù tó le kún abọ́ padà láàárín ìgbà díẹ̀ tí sítátà bá ń yí. Tìrẹ ò lè ṣe é. Bí ẹ́ńjìnì bá jí, ó ń yí kíákíá, pọ́ǹpù tó rẹ̀ náà á máa rí epo fà. Lọ́wọ́ sítátà tó ń yí jẹ́jẹ́, agbára rẹ̀ kò tó.

Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo fẹ́. Ra síríǹjì ní ilé oògùn, yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ nù. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀, fi epo kún abọ́ láti inú ihò kékeré tó fi ń mí lókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbé ìgò epo kúrò níbẹ̀ pátápátá, bo orí kábúrétọ̀ padà, fa ṣóòkù, yí i. Bó bá jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kábúrétọ̀ rẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, kọ́ńtáàtì náà kò ní.

Ìkejì, ra fílítà epo oníke tí ojú ń rí inú rẹ̀, fi sáàárín pọ́ǹpù àti kábúrétọ̀. Wò ó lálẹ́ tí o bá pa ọkọ̀, kí o tún wò ó láàárọ̀.

Ìkẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù. Fa géèjì ọ́ìlì, gbé e sí imú.

Ọmọ_Ìdànrè

Kí ló dé tí ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu? Ẹ lọ ra pọ́ǹpù oníná tòkunbọ̀ kan, ẹ so ó mọ́ ọn. Bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́, ó ti kún abọ́ kí ẹ tó yí i.

Ọ̀gá_Sípánà

Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn? Pọ́ǹpù ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń lo ínjẹ́tọ̀ ń ti epo pẹ̀lú agbára tó lè lé ní 40 psi, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí epo ṣe ń tì tó. Kábúrétọ̀ kò fẹ́ ju bí 2 sí 4 lọ. Bí ẹ bá so irú rẹ̀ mọ́ 504, abẹ́rẹ́ tó ń dí epo nínú abọ́ á tú sílẹ̀, epo á máa ṣàn lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná. Mo ti rí ọkọ̀ tó jóná báyìí lójú ọ̀nà Oǹdó. Èyí tí wọ́n ṣe fún kábúrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò pa á tí ẹ́ńjìnì bá kú, nítorí tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní títàn, á máa da epo lọ ni. Pọ́ǹpù tí a bá a bí, tó ń fi agbára ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́, kò ní wàhálà yẹn.

Ọmọ_Òkè-Àró

Ọ̀gá, mo fa géèjì. Òórùn bẹntiróòlù ni, kì í ṣe òórùn ọ́ìlì. Ọ́ìlì náà ti ga kọjá ibi àmì, ó sì ṣàn lórí géèjì bí omi. Mo sì rò tẹ́lẹ̀ pé ọ́ìlì kò gbẹ nítorí pé ẹ́ńjìnì bàbá mi lágbára!

Síríǹjì: mo fi epo kún abọ́, ó jí kí sítátà tó yí dáadáa. Ìyàwó mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá_Sípánà

Má gùn ún mọ́ títí a ó fi tún un ṣe. Mi ò ṣeré.

Rọ́bà inú pọ́ǹpù epo ti ya. Apá kan epo ń lọ sí kábúrétọ̀, ìyókù ń já sí ibi tí ọ́ìlì wà. Bẹntiróòlù ń fọ ọ́ìlì kúrò lára bẹ́ríìnì, àwọn irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnì ń yí nínú wọn, oru rẹ̀ sì ń kóra jọ nínú ikùn ẹ́ńjìnì. Ọ̀nà méjì ni ẹ́ńjìnì fi lè lọ níbẹ̀: kó jẹ ara rẹ̀ tàbí kó bú.

Yọ pọ́ǹpù. Fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ibi tó bá ẹ́ńjìnì pàdé, kí o má sì yí iye gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ padà, torí nínípọn rẹ̀ ló ń pinnu bí apá pọ́ǹpù ṣe ń lọ tó. Da gbogbo ọ́ìlì nù, yí fílítà ọ́ìlì, fi 20W-50 tuntun sí i. Wo àwọn họ́ọ̀sì epo bákan náà. Tí o bá tẹ̀ wọ́n tí wọ́n le bí igi, yí gbogbo wọn. Ṣé ẹ rántí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè yìí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022? Irú epo bẹ́ẹ̀ kì í bá rọ́bà àtijọ́ ṣọ̀rẹ́.

Ògbólógbòó_Ìjọ̀ka

Mo ṣáà ní pọ́ǹpù ni.

Ọ̀gá_Sípánà

Ẹ wí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹun níbẹ̀.

Ọmọ_Òkè-Àró

Àwọn tó ń ta pátì níbí ní odindi pọ́ǹpù ni kí n rà, wọn kì í ta rọ́bà rẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n fi hàn mí fúyẹ́ lọ́wọ́, apá rẹ̀ sì kúrú ju ti inú ọkọ̀ lọ. Níbo ni kí n lọ?

Ọmọ_Ìdànrè

Ọjà Àràròmí ní Gate, Ìbàdàn. Àwọn àgbà tó ń ta ojúlówó Píjò ṣì wà níbẹ̀. Tí o bá ní ẹni ní Èkó, kó lọ bá ọ wo ọjà Ládípò. Mú èyí tó bàjẹ́ dání, má fi ẹnu júwe rẹ̀. Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wo ìgùn apá àti ihò sùkúrù kí o tó sanwó.

Ọmọ_Òkè-Àró

Àbọ̀ rèé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn bá mi rí pọ́ǹpù ní Gate, apá rẹ̀ bá tèmi mu. Nígbà tí a tú èyí tó wà nínú ọkọ̀, ẹ̀bá rọ́bà rẹ̀ ti là yíká, èèyàn ń rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀. A da ọ́ìlì, ó dúdú, ó ṣàn bíi kẹrosíìnì. A fi gálọ́ọ̀nù tuntun sí i, a yí họ́ọ̀sì méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìgùn, láti ìparí ọ̀sẹ̀ kan di òmíràn. Mo fa ṣóòkù láàárọ̀, mo yí i. Fílítà oníke kún lójú mi bí mo ṣe ń wò ó, ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Mo fi epo kún táńkì pẹ̀lú díẹ̀ nínú owó kábúrétọ̀.

Mẹkáníìkì mi ní òun ṣì rò pé kábúrétọ̀ ni.

Ọ̀gá_Sípánà

Ó dára. Ohun kan péré: bí ọkọ̀ bá ti jí, máa ti ṣóòkù wọlé díẹ̀díẹ̀ bó ti ń gbóná. Àwọn kan máa ń fà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ibi iṣẹ́. Epo tó pọ̀ jù ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, púlọ́ọ̀gì á sì dúdú fún èédú. Lẹ́yìn náà wọ́n á wá síbí wá sọ pé ọkọ̀ àwọn ò jí láàárọ̀.

Ìjàpá_Ẹnúọwá

Ọ̀gá, mo tẹná lẹ́ẹ̀kan kí n tó tan kọ́kọ́rọ́, bí ẹ ṣe wí. Ó sàn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbọ̀n tó bá jí, bíi pé sílíńdà kan kò ṣiṣẹ́. Tó bá gbóná ó ń lọ.

Ọ̀gá_Sípánà

Ìgbà wo lẹ yẹ tápẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tó ń ti fáàfù ṣí, wò gbẹ̀yìn? Àlàfo 0.15 mílímítà ni ti 1600, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹ tó tan án rárá. Bí fáàfù kan bá há jù, kò ní pa dé tán, agbára sílíńdà yẹn á lọ sílẹ̀. Kí wọ́n wo kọ́ńtáàtì náà, àlàfo tirẹ̀ 0.4 mílímítà. Bí wọ́n bá ti yẹ méjèèjì wò, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tuntun fún Ìjàpá, kí èyí má baà dàpọ̀ mọ́ ti Píjò.